Ẹ̀yin tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ́nà Ṣágámù, báwo lẹ ṣe ń bá tírélà pín títì?

Ọmọ Odògúnyán (Ọjọ́bọ̀, aago 8 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń sọ, èyí tá a ń fẹsẹ̀ wà. Kì í ṣe Màrúwá o, kẹ́nikẹ́ni má wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn oní-NAPEP níbí.

Ẹ̀gbẹ́ Sábó ni mo ń gbé, Odògúnyán ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí owó ọkọ̀ fẹ́ máa ju owó oúnjẹ lọ ni mo lọ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan. Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń gùn ún. Ara mi le, àpò mi náà sì ń mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ máa kí àwọn ará ilé mi kú ara fẹ́ra kù. Tírélà kan tó kó irin wà níwájú mi, ó rọra ń lọ. Ó ṣàdédé fì sí òsì. Mo ní ó ti rí mi, ó fẹ́ kí n kọjá ni. Mo bá gba ọ̀tún rẹ̀ wọlé. Àfi bí orí ọkọ̀ ṣe yí padà sí ọ̀tún, ó ń wọ géètì ilé iṣẹ́ kan, ni ìdí rẹ̀ bá ń sún mọ́ mi bí ògiri tó ń rìn. Gọ́tà ni mo fò bọ́ sí. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ gun orí kẹ̀kẹ́ mi, èmi sì fi orúnkún gbọgbẹ́. Dírẹ́bà ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ìgbà tí àwọn ọlọ́kadà pariwo ló tó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń búra pé òun ò rí mi. Mo bú u títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá ń bi ara mi pé àbí òótọ́ ló ń sọ?

Mo ti tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mi ò sì fẹ́ padà sínú dánfó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, kí lẹ̀ ń ṣe?


Ìyá Ìbejì

Háà! Ẹ kú ewu o, ọmọ mi. Ògún ò ní fi wá ṣe ẹran. Ṣé ẹ ti lọ gba abẹ́rẹ́ sí orúnkún yẹn? Irin tó ti dípẹtà ò ṣe é fojú kéré o. Ọmọ mi ọkùnrin náà ń bẹ̀ mí pé kí n ra kẹ̀kẹ́ fún òun, Ìgbógbó la wà. Mo ti jókòó tì yín, mo fẹ́ gbọ́.


Bàbá Onítírélà

Òótọ́ ló ń sọ, àbúrò. Kò rí yín. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń wa tírélà, kọ̀ntínà ni mo máa ń gbé láti Àpápá, mo sì mọ ọ̀nà Ṣágámù yẹn bí ẹni mọ ojú ìyàwó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí lórí àga tiwa, nítorí ó jọ pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fáwọn tó wà nílẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún títì. Nítorí náà, òsì ni dírẹ́bà ń jókòó. Apá òsì yìí, mo lè yọrí síta kí n wò ó. Apá ọ̀tún jìnnà sí mi, ilẹ̀kùn ibẹ̀ ga, ohun kan ṣoṣo tí mo ní níbẹ̀ ni dígí. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ tó sì fara mọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún mi, orí rẹ̀ ò dé ojú fèrèsé mi. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn kọ̀ntínà gan-an, dígí méjèèjì ò mú un. Iwájú ńkọ́? Bó bá jẹ́ Máàkì onímú gígùn ni mò ń wà, ọmọdé lè dúró sábẹ́ imú rẹ̀, kò sì ní hàn sí mi rárá.

Ọ̀rọ̀ wá kan ti yíyà. Kọ̀ntínà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 gùn tó mítà 12, a ò tíì ka orí ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí a bá yà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í gba ibi tí ẹsẹ̀ iwájú gbà, ó máa ń gé kọ́nà ni. Bí mo bá yà sí ọ̀tún tààrà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gun òpó iná, á gun ìsọ̀ oníṣòwò, á gun ẹni tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orí sí òsì kí n tó yí i sí ọ̀tún. Òsì tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kì í ṣe pé ó fún yín lọ́nà. Ó ń múra àtiyà ni. Bí orí bá sì ti yí, dígí ọ̀tún mi ò fi nǹkan míì hàn mí mọ́ ju ara kọ̀ntínà lọ.

Nítorí náà, tírélà tó bá fì sí òsì nítòsí géètì tàbí ìkòríta, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má tiẹ̀ ronú lé e.


Ọmọ Ìpàkodò

Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé aláìní náà ni gbogbo ẹ̀bi ń já lé lórí? Àwọn tírélà tí mo ń rí lójú ọ̀nà yẹn, òmíràn ò ní dígí ọ̀tún rárá. Òmíràn ní, wọ́n fi rọ́bà táyà so ó, ó ń mì bí etí ewúrẹ́. Tráfíkétọ̀ ò ṣiṣẹ́. Mọ́tò bọ́ì ń sùn. Ẹ wá ní kí oníkẹ̀kẹ́ ṣọ́ra. Ta ló ń ṣọ́ra fún un?


Bàbá Onítírélà

Ẹ ò purọ́, ọmọ mi. Mọ́tò bọ́ì ni ojú ọ̀tún dírẹ́bà. Tèmi, bí a bá fẹ́ yà nínú ìlú, ó gbọ́dọ̀ yọrí, kódà kó sọ̀ kalẹ̀ kó dá àwọn èèyàn dúró. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé orí ẹrù ni mọ́tò bọ́ì wọn ń sùn sí. Mo ti bá wọn jà ní gáréèjì títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n oníkẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ lọ́la ò lè mọ èyí tó ní dígí nínú wa. Kó gbà pé kò sẹ́ni tó ní in nínú wa.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí: wo dígí mi. Bí o bá rí ojú mi nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n rí ìwọ náà. Bí o ò bá rí ojú mi, má bá mi dúró níbẹ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe o, torí pé mo lè máa wo ibòmíràn lásìkò yẹn.


Kọ́ńdọ́ Tẹ́lẹ̀

Gbogbo wàhálà yìí kò sí bí èèyàn bá ń kọjú sí wọn. Èmi, wọn-wéè ni mo máa ń gùn. Mo ń rí wọn, wọ́n ń rí mi, kò sẹ́ni tó máa ti ẹ̀yìn gbá mi. Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ká máa kọjú sí ọkọ̀.


Tíṣà Físíìsì

Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀, ọkọ̀ ni, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń lọ ni kó máa lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan.

Ká ní kẹ̀kẹ́ yín ń sáré kìlómítà 15 láàárín wákàtí kan, tírélà sì ń sáré 50. Bó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín, 50 yọ 15, kìlómítà 35 ló fi ń bá yín. Bẹ́ ẹ bá kọjú sí i, ẹ ó ro wọ́n pọ̀ ni, ó di 65. Ká ní ẹ̀yin àtiẹ̀ jìnnà sí ara yín ní mítà 100. Lọ́nà àkọ́kọ́, ó ní bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kó tó bá yín. Lọ́nà kejì, márùn-ún àti ààbọ̀ péré. Nínú márùn-ún yẹn, ó ní láti rí yín, kó ronú, kó tẹ bíréèkì, kí afẹ́fẹ́ bíréèkì sì tó dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, torí afẹ́fẹ́ ló ń ti bíréèkì tírélà, kì í dé lójú ẹsẹ̀ bíi ti mọ́tò kékeré.

Ohun kan tún wà tó burú ju ìṣirò yẹn lọ. Bí dírẹ́bà tó wà lẹ́yìn yín ò bá lè yà yín, ó lè rọra máa tẹ̀ lé yín títí àyè á fi yọ. Ẹni tẹ́ ẹ kọjú sí ò lè ṣe ìyẹn. Ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ kúrò lójú títì, ẹ sì mọ ẹni tí yóò jẹ́.

Àwọn ọkọ̀ tó ń jáde láti géètì ilé iṣẹ́ náà ńkọ́? Òsì ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yọ sí ọ̀tún, nítorí òsì ni ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ní wọn-wéè láti ọ̀tún, wọn ò retí rẹ̀ rárá.


Kọ́ńdọ́ Tẹ́lẹ̀

Tíṣà, mo gbọ́ ti géètì yẹn. Wọ́n ti gbá mi bẹ́ẹ̀ rí lẹ́bàá Lásípótẹ́ẹ̀kì, Kámúrì kan tó ń jáde. Mo rò pé olórí burúkú ni onímọ́tò náà.


Onítọ́níìkì

Ẹ̀yin tí orúnkún àti ẹ̀yìn ń dùn, agbo wa wà nílẹ̀, ìgò kékeré àti ńlá, ẹ kàn sí mi ní kọ̀rọ̀.


Ọmọ Ìpàkodò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ibi ìpolówó ọjà wà lókè yẹn.


Ará Ìjẹ̀dẹ́

Ẹ̀yin ń sọ tírélà, àwa níbí típà oníyanrin ni tiwa. Tírélà tiẹ̀ ní sùúrù. Iye ìgbà tí típà bá já yanrin lóòjọ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún un, torí náà eré ni ṣáá. Mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, bàbá mi fi ń gbé ẹja. Ẹ gbọ́ ohun tí mo mọ̀.

Típà tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ. Èyí tó kún ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ó gbọ́ ọ lókèèrè, kò sì lè fò. Èyí tó ṣófo ń padà lọ kó òmíràn ni, ó ń fò lórí gálọ́pù, bọ́dì rẹ̀ ń lu ara wọn gbàgàgbàgà. Bí mo bá gbọ́ gbàgàgbàgà yẹn lẹ́yìn, mi ò ní dúró wò ó. Mo ti bọ́ sí etí títì.

Bí típà bá ń bọ̀ níwájú, tí òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n sì máa pàdé lọ́dọ̀ mi, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ pátápátá ni, kí n gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lórí ọ̀dà. Ọ̀nà yẹn ò gba ẹni mẹ́ta. Kò sí ohun ìtìjú nínú kéèyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀ rí, mo sì ń wo ojú wọn.

Yanrin tó ń jò sílẹ̀ náà, ẹ ṣọ́ ọ. Ní kọ́nà, bó bá gbẹ lórí ọ̀dà, bí ẹni tẹ ẹ̀wà tó dà sílẹ̀ ni, ó ń yọ̀. Ẹ má tẹ bíréèkì lórí ẹ̀, ẹ sì má fi kẹ̀kẹ́ dagun. Ẹ jẹ́ kó lọ gbọọrọ títí ẹ ó fi kúrò lórí yanrin.

Paríparì ẹ̀, ẹ má fi nǹkan dí etí. Etí ni dígí ẹ̀yìn oníkẹ̀kẹ́. Ọmọ àdúgbò wa kan ń gbọ́ orin lórí kẹ̀kẹ́, mo kàn rọra bá a, mo fa nǹkan náà yọ. Ó bínú. Ó bínú tán, ó dákẹ́.


Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣe é, Ará Ìjẹ̀dẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, afẹ́fẹ́ tí táńkà máa ń fẹ́ yẹn ńkọ́? Bí mo bá dúró létí títì pàápàá, ìró mi fẹ́ máa fò lọ.


Ará Ìjẹ̀dẹ́

Ìyá wa, afẹ́fẹ́ yẹn ń ṣe nǹkan méjì, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Bí imú ọkọ̀ bá dé ẹ̀gbẹ́ yín, ó máa ń tì yín síta. Bí ìdí rẹ̀ bá ń kọjá, á tún fà yín wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, bó bá ti tì í, á fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lé e padà sí ọ̀nà títì, ìgbà yẹn gan-an ni èyí tó ń fà á dé. Ó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́yìn, ẹ tẹ orí wálẹ̀ díẹ̀, ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ má wà á líle, ẹ má ṣe nǹkan kan títí ìdí ọkọ̀ á fi kọjá tán. Ẹni tó bá sì gbé àpò gàrí sẹ́yìn, tí àpò náà fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á fi ṣeré ni.


Atúnkẹ̀kẹ́ṣe Ágíríkì

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ ò tíì mẹ́nu ba alẹ́. Iṣẹ́ mi nìyí, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń kó wá fún mi lówùúrọ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá tó bá wọ ìsọ̀ mi, bóyá ọ̀kan ló ní iná. Àwọn tó ń ṣe ṣíífítì alẹ́ á wọ yúnífọ́ọ̀mù dúdú, kẹ̀kẹ́ dúdú, títì dúdú, NEPA náà á wá mú iná lọ. Báwo ni tírélà ṣe fẹ́ mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀? Iná pupa kékeré lẹ́yìn, iná funfun níwájú. Bí owó ò bá sí, tọ́ọ̀ṣì kékeré tẹ́ ẹ so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á ṣe iṣẹ́ iwájú. Fún ẹ̀yìn, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta tépù tó ń tàn, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí tírélà. Wọ́n ń gé e tà. Ẹ má lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ o. Ẹ gé díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pẹ́dàlì méjèèjì, tàbí kẹ́ ẹ wé e mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ohun tó dúró sójú kan, dírẹ́bà lè rò pé agolo ni. Ohun tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló máa mọ̀ pé èèyàn ló ń wa kẹ̀kẹ́.

Bíréèkì: bí òjò bá rọ̀, tí ojú irin táyà bá tutù, rọ́bà bíréèkì ò ní tètè gbá a mú. Ẹ máa fọwọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dúró, kó fi nu omi kúrò.

Dígí: dígí ọ̀kadà kan ṣoṣo, mo lè bá yín dè é mọ́ ọwọ́ òsì kẹ̀kẹ́. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé ó dà bíi ti bàbá àgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.


Ọmọ Odògúnyán

Ẹ̀gbọ́n Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ní kí n máa wọ ọ̀nà BRT bí mo bá ń lọ sí apá Mile 12, pé tírélà ò sí níbẹ̀. Ṣé ó dáa?


Tíṣà Físíìsì

Rárá o. Láti ọdún 2015 tí BRT ti dé Ìkòròdú, bọ́ọ̀sì nìkan ló ni ọ̀nà yẹn. Òfin ò gbà á, àwọn LASTMA sì lè gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ. Ẹ yọ ti òfin kúrò pàápàá: ọ̀nà náà tóóró, wọ́n mọ nǹkan dí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bọ́ọ̀sì ńlá náà ò sì retí pé òun máa bá kẹ̀kẹ́ níwájú. Níbo lẹ fẹ́ bọ́ sí? Ó kéré tán, gọ́tà Odògúnyán gbà yín lálejò.


Ọmọ Ìpàkodò

Gọ́tà gbà á lálejò, ẹ kú ọ̀rọ̀ o 😂


Ẹ̀ṣọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ìwé òfin ojú pópó sọ pé táńkà àti tírélà ò gbọ́dọ̀ sáré ju kìlómítà 45 láàárín ìlú, 50 lójú ọ̀nà gbogbogbòò, 60 lórí ọ̀nà márosẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí èyí tó ń sá kìjokìjo, ẹ má lépa rẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ pe 122, ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá farapa ní ìpínlẹ̀ Èkó, 112 tàbí 767.

Òfin ìrìnnà Èkó náà ní kí tírélà má wọ àárín ìlú láàárín aago 6 òwúrọ̀ sí aago 9 alẹ́, àfi táńkà epo. Ẹ̀yin náà lójú, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń rí. Ibi tí mò ń lọ ni pé òfin yẹn ń sún ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ìdájí àti òru, ìdájí yẹn náà sì ni ṣíífítì òwúrọ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Dírẹ́bà tó ti wakọ̀ mọ́jú, tó fẹ́ jáde nílùú kó tó di aago 6, òun lẹ máa pàdé. Bí ilé iṣẹ́ yín bá gbà, ẹ jáde nílé nígbà tí ojú bá ti là díẹ̀. Bí wọn ò bá gbà, ẹ gba àárín àdúgbò títí kẹ́ ẹ tó yọ sí títì ńlá, kódà bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìrìn yín.

Kọ̀ntínà náà, ẹ máa wo igun mẹ́rin ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ irin kan ló máa ń dì í mọ́ ọkọ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá rí i tí kọ̀ntínà ń mì lórí gálọ́pù, tí ìdí rẹ̀ ń ṣí tó ń padé, wọn ò tì í nìyẹn. Ẹ má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀tún, ìbáà jẹ́ òsì.


Kọ́ńdọ́ Tẹ́lẹ̀

Àṣíborí ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́.


Atúnkẹ̀kẹ́ṣe Ágíríkì

Ẹ wọ̀ ọ́, ó dáa fún ìṣubú. Kò lè gbà yín lábẹ́ táyà tírélà, ẹ má jẹ́ kó kì yín láyà jù.


Ẹ̀gbọ́n Ìlú Òyìnbó

Ọmọ Ìkòròdú ni mí, London ni mo wà báyìí, kẹ̀kẹ́ náà ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí Bàbá Onítírélà sọ ni wọ́n ń pariwo níbí, àfi pé òdìkejì ni tiwọn, ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ń gbà, torí náà òsì ọkọ̀ ni ibi ikú. Láti ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù tó bá lé ní tọ́ọ̀nù 12 gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kó tó wọ London, wọ́n sì ń fi ìràwọ̀ wọn bí dírẹ́bà ṣe lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìta tó, láti òdo dé 5. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ ò bá tó 3 ní láti fi kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún dírẹ́bà kún un.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn ọlọ́pàá ibí máa ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù kan kalẹ̀, wọ́n á ní kí oníkẹ̀kẹ́ gun orí àga dírẹ́bà lọ jókòó, kó wo bí nǹkan ṣe rí láti òkè. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Mi ò gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kọjá mọ́ láti ọjọ́ náà.


Bàbá Onítírélà

Ìyẹn ò le. Ọmọ Odògúnyán, ọkọ̀ mi á wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kí n sọ ibi tó wà fún yín. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín dání.


Ọmọ Odògúnyán (ọjọ́ Ajé, aago 9 alẹ́)

Mo ti lọ o.

Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni mo gùn kí n tó dé orí àga. Mo kọ́kọ́ ń yangàn, mo di stíárì mú bí ọ̀gá. Bàbá ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn mú kẹ̀kẹ́ mi, kó máa rìn yí ọkọ̀ ká, kó máa pariwo orúkọ mi. Níwájú, ó fara hàn, bó sì ṣe sún mọ́ imú ọkọ̀, ó pòórá. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ní kó máa rìn sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ méje ló rìn kí n tó rí fìlà rẹ̀.

Ó wá bọ́ sí ọ̀tún. Mo wo dígí, mo rí i lẹ́yìn lọ́hùn-ún, kékeré báyìí. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sí nínú dígí mọ́, kò sì sí lójú fèrèsé. Ó ń pè mí, ó tiẹ̀ ń fọwọ́ gbá ara ọkọ̀, mi ò rí nǹkan kan ju ògiri ọgbà lọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá ra Míníràlì fún mi. Dírẹ́bà tí mo bú lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ibi tí mo ti lè rí i.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé: bí ọkọ̀ ńlá bá dúró níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń tò sí, láàárín ọ̀nà, bí ọkọ̀ tèmi náà, mo sì ń jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí dígí rẹ̀ méjèèjì. Ọlọ́kadà ń fọn fèrè lẹ́yìn mi pé kí n wọ àlàfo. Mi ò wọ̀ ọ́.


Ọmọ Ìpàkodò

Ẹ kú iṣẹ́. Bàbá Onítírélà, ìbéèrè kan péré: ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ṣe sí ti ibi tí ò hàn yẹn?


Bàbá Onítírélà

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Bí àwọn ọmọ yìí ṣe lọ tán lánàá, èmi náà ò gbádùn. Mo lọ sí Ládípọ̀ láàárọ̀ òní, mo ra dígí rogodo méjì, èyí tí ikùn rẹ̀ yọ síta. Ọ̀kan wà lábẹ́ dígí ọ̀tún, èkejì wà lókè iwájú, ó kọjú sílẹ̀. Kò mú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń rí orí àti èjìká rẹ̀ báyìí. Owó rẹ̀ ò tó owó táyà kan. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wà láìrà á.


Ìyá Ìbejì

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà, bàbá. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ọjọ́ wo lẹ wà ní ìsọ̀? Ọmọ mi ti rí kẹ̀kẹ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ de dígí sí i kó tó gùn ún jáde.


Atúnkẹ̀kẹ́ṣe Ágíríkì

Ojoojúmọ́ ni, ìyá wa, àyàfi ọjọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé yín wá, mo fẹ́ wọn ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò bá kanlẹ̀ nígbà tó bá dúró, kẹ̀kẹ́ yẹn ti ga jù fún un, mo sì máa dá a padà sílé.